Àwòrán Ìyá Tí Kò Tíì Kú

Ìwọ tí o mú ìwé yìí dání, mo bẹ̀ ọ́, fara balẹ̀. Bí ìyá rẹ bá ṣì ń mí, tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá sọ pé òun fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn, béèrè ohun tí ẹ̀bùn náà jẹ́. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ṣí i wò kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé yín. Ohun tí wọ́n fi ń yẹ́ èèyàn sí ní ilé kan, wọ́n lè máa fi ṣọ̀fọ̀ ní ilé kejì. Mo ti kìlọ̀ fún ọ.

Orúkọ mi ni Rọ̀kíbátù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò kọjá ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń dúró lójú ọ̀nà, ní sùúrù fún mi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Òkè Balógun, láti ilé àwọn tó bá ọba sá kúrò l'Ékòó láyé àtijọ́. Ọkọ mi ń wa yanrìn l'Èbúté Ìkòròdú. Omi gbé e lọ. A kò bímọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ mo rí iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan n'Ìgbògbò. Mo ń gbálẹ̀, mo ń fọ ìdí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, èyí tó bá ń sunkún, mo ń pọ̀n ọ́n.

Ọdún 2005 ni Tàófíìkì Ọláwuyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Ìkòròdú ni, mùsùlùmí bíi tèmi, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Irun rẹ̀ ti ń funfun lẹ́bàá etí. Ó ní kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún àwọn Faransé kan n'Íkòyí fún un. Ó gé àwọn àwòrán inú rẹ̀, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì kẹrin.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ kan wà lẹ́yìn mi tí kò dákẹ́, mo bá lọ dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì níbi tí afẹ́fẹ́ wà.

"Ẹ wo èyí," ni Tàófíìkì wí. "Faransé ni ẹni tó yà á. Màtíìsì lorúkọ rẹ̀."

Bí mo ṣe gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin inú àwòrán náà ní ilà gbọọrọ, àwọ̀ ewé, láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Ùnkù, ṣé wọ́n gbá a létí ni?"

"Búrẹ́dì tó ti bu ló jẹ!"

"Ìyàwó ẹni tó yà á ni," ni Tàófíìkì wí.

Ariwo sọ. "Háà! Ìyàwó ẹ̀? Ṣé ó tún se oúnjẹ fún un lẹ́yìn èyí?"

"Bóyá ó sè é, bóyá kò sè é. Ẹ gbọ́. Màtíìsì mọ̀ pé ojú ìyàwó òun kì í ṣe àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, òjìji bọ́ sí ìkejì, ó wá ń wá ohun tí yóò fi pààlà wọn. Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ yà. Ẹ má ya ohun tí wọ́n sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀."

Ó fi òmíràn hàn wọ́n, ti ẹnì kan tó ń jẹ́ Sọ̀rá. Àmì tíntìntín ni gbogbo rẹ̀. Bí o bá sún mọ́ ọn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí o bá rìn sẹ́yìn, èèyàn ni, wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ létí odò. Àwọn ọmọ ń sún síwájú, wọ́n ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ìkẹta. Omi ni, pẹ̀lú òṣíbàtà lórí rẹ̀. Kò sí etí, kò sí bèbè, omi ṣáá ni láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní Mónẹ́ ló yà á, ẹ̀hìn ilé ara rẹ̀ sì ni omi náà wà.

Mo gbé ojú mi kúrò. Mo wo ilẹ̀ títí wọ́n fi lu agogo.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún gbé ọmọ wọlé. Àwòrán omi náà ti dojú kọ ògiri.

"Ùnkù, ẹ wò ó, ẹnì kan ti yí èyí padà!"

"Èmi ni."

"Kí ló ṣe?"

"Ó ń sùn. Ẹ jẹ́ kó sùn."

Kò wò mí. Ká ní ó wò mí ni, ǹ bá ti sá jáde. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń gé bébà fún wọn, èmi sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn mi, n kò mọ ohun tó ń ṣe ọkàn mi. Ta ló sọ fún un pé omi ló gbé ọkọ mi lọ? Àbí ó kàn rí i ni?

Tíṣà Morẹ́nikẹ́ ló ni kíláàsì kẹrin. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi.

"Rọ̀kí, ọkùnrin kan ní kí n bi ọ́ bóyá o ti jẹun."

"Ta ni?"

"Ẹni tí ọ̀dà kún ọwọ́ rẹ̀. Ó bi mí láàárọ̀, ó tún bi mí báyìí. Mo ní, ṣé èmi ni ikùn rẹ̀ ni?"

"Sọ fún un pé mo ti jẹun."

"O ò tíì jẹun. Mi ò ní máa ru irọ́ kiri fún yín. Lọ sọ ọ́ fún un fúnra rẹ."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni? Ọkùnrin tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń da omi ọ̀dà sí lára, tí kò lè gbá ọ̀kan létí! Ẹ̀yin méjèèjì dà bí àwòrán alámì tíntìntín yẹn. Èèyàn gbọ́dọ̀ jìnnà sí yín kó tó rí yín."

Báyìí ni Morẹ́nikẹ́ di alárinà wa. Kò pẹ́ tí Tàófíìkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sìn mí dé Gáréèjì Ìkòròdú lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ kí ìyá mi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tó máa sọ ọ́, ọmọ ọkọ̀ ń pariwo sí wa létí, "Ẹ̀pẹ́! Ẹ̀pẹ́! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!"

"Rọ̀kíbátù," ó wí, "n kò lówó. N kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan pẹ́. Bí o bá gbà fún mi, ìwọ ni mo máa máa wò."

"Bọ̀dá, ẹ wọlé tàbí kí ẹ kúrò lójú ọ̀nà!" ni ọmọ ọkọ̀ wí.

Mo wọlé. Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ ni mò ń bi ara mi pé kí ni obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò bímọ, tí ẹ̀rù ohun gbogbo ń bà, fẹ́ fi ìfẹ́ ṣe. Nígbà tí mo máa fi sọ̀ kalẹ̀, mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Ìyẹn tún wá dá kún ẹ̀rù mi.

Ẹni tí mò ń bẹ̀rù ni Bùrọ̀dá Sàlímọ́nù, ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló tọ́ mi nígbà tí bàbá wa kú. Ó ń ta àwọ̀n ìpẹja. Èèyàn rere ni, kì í jẹun kí ìyá wa tó jẹun. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tán. N kò ya ẹnu sí i rí.

Morẹ́nikẹ́ bá mi lọ sọ́dọ̀ Bùrọ̀dá àti ìyá mi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ó sọ ọ́ dáadáa. Bùrọ̀dá gbọ́ ọ tán.

"Ayàwòrán? Ohun ẹlẹ́mìí ló ń yà?"

"Àwọn ọmọdé ló ń kọ́, sà. Ó ń kọ́ wọn ní ti àwọn Faransé..."

"Ẹ fi Faransé sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìdájọ́, wọ́n á ní kó fẹ́ ẹ̀mí sí gbogbo ohun tó yà. Níbo ló ti máa rí ẹ̀mí ọ̀hún? Ìwọ Rọ̀kí, ní ọjọ́ orí yìí, kí lo tún fẹ́ fi ọkọ ṣe?"

Ìyá mi, Ṣẹ̀rífátù, tó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ló ní, "Ẹ jẹ́ kó wá. Ojú mi ni mo fẹ́ fi rí i."

Tàófíìkì ní òun náà fẹ́ mọ ojú ẹni tí òun ń lọ kí. Mo fún un ní fọ́tò kékeré tí ìyá mi fi ṣe pásípọ́ọ̀tù lọ sí Mẹ́kà lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Kò sọ fún mi pé òun ní ohunkóhun lọ́kàn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Ní ilé wa, fọ́tò alààyè kì í tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú àpótí la ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ọjọ́ tí ẹni náà bá kú ni wọ́n á gbé e tọ onífọ́tò lọ kó sọ ọ́ di ńlá. Wọ́n á fi sínú férémù, wọ́n á fi aṣọ funfun wé e wọlé, wọ́n á gbé e kọ́ sí yàrá àlejò. Bàbá mi wà lára ògiri náà. Ìyálé ìyá mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé Tàófíìkì n'Ìkòròdú, bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sábẹ́ àwòrán ńlá ti ara rẹ̀, á máa jẹ iṣu. Ta ló máa rò ó?

Ó dé pẹ̀lú àbúrò bàbá rẹ̀. Nǹkan fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Bí mo ṣe rí aṣọ funfun yẹn, mo dìde. Mo fẹ́ pè é. Wọ́n ti kí ara wọn tán, ó ti kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, ó ti tú aṣọ náà.

Ìyá mi ni. Ojú ìyá mi, ó tóbi ju ti ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìborùn Mẹ́kà.

Kúlúsúmù, ìyàwó Bùrọ̀dá, ká ọwọ́ lérí. "Ìnnà lílláhì! Mo gbé o!"

"Ẹ gbé òkú ìyá mi wọlé!" Bùrọ̀dá ti dìde. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Lójú ìyá mi! Ìyá mi tó ń mí!"

Tàófíìkì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yin àgbà, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀bùn ni," ni àbúrò bàbá rẹ̀ ń wí.

"Ẹ gbé ẹ̀bùn yín lọ fún ìyá tiyín! Ẹ jáde!"

Ìyá mi nìkan ni kò pariwo. Ó rá sún mọ́ àwòrán náà, ó wò ó pẹ́. "Ó rẹwà," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Obìnrin yìí ti lọ tipẹ́."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bùrọ̀dá pè mí. "Bí o bá fẹ́ ọkùnrin yẹn, má wọ ilé yìí mọ́. Bí ìyá bá ṣàìsàn, o ò ní gbọ́. Bí ìyá bá kú, ẹlòmíràn ló máa wẹ̀ ẹ́." Ohun tó sọ nìyẹn. Kí n fẹ́ ọkùnrin kan, kí n má rí ìyá mi mọ́.

Mo padà sí Ìgbògbò, mo sì ń yẹra fún Tàófíìkì. Bó bá gba ẹ̀hìn kíláàsì, èmi á gba iwájú. Kò bẹ̀ mí, kò lé mi. Ó sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé òun kò ní jẹ́ kí n tìtorí òun pàdánù ìyá mi. Òjò rọ̀, òjò dá. Ọyẹ́ wọlé. Mo rù. Morẹ́nikẹ́ ní ojú mi ti ń ní ilà ewé.

Nínú ọyẹ́ yẹn ni Tàófíìkì kó àwọn ọmọ jáde sábẹ́ igi máńgòrò ilé-ẹ̀kọ́. Ó sọ fún wọn pé Mónẹ́ rí òkìtì koríko gbígbẹ kan ní oko, ó yà á láàárọ̀, ó yà á lọ́sàn-án, ó yà á nínú òtútù, kò sì sí èyí tó jọ èkejì. Wọ́n ya igi náà láàárọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní kí wọ́n tún un yà.

"Ùnkù, igi yìí náà la yà láàárọ̀!"

"Ṣé bákan náà ló rí?"

Ọmọbìnrin kan wo igi náà. "Rárá. Láàárọ̀ òtútù ń mú un. Ó ti rẹ̀ ẹ́ báyìí."

Tàófíìkì yíjú wo igi náà. Ó dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n jáde ilé-ìwé, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀.

"Mo ti rí àṣìṣe mi. Inú fọ́tò àtijọ́ ni mo ti ya ìyá rẹ. Mo ya ẹni tí n kò rí rí. Bùrọ̀dá rẹ kò jayò pa. Òkú ni mo gbé wá lóòótọ́."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Kí n lọ jókòó síwájú rẹ̀. Ìyẹn nìkan. Bí wọn kò bá fi ọ́ fún mi, kí n ṣáà tún un ṣe."

Morẹ́nikẹ́ kígbe nígbà tí a rán an. "Ẹ tún ń rán mi? Ìgbà yẹn, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi àwọ̀n kó mi!" Ṣùgbọ́n ó lọ. Èsì ìyá mi kò gùn: "Kó máa bọ̀. Ilé ọkọ mi nìyí, kì í ṣe ilé ọmọ mi."

Tàófíìkì ń lọ ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí Bùrọ̀dá bá lọ ra àwọ̀n l'Ékòó. Ẹ̀hìnkùlé ni wọ́n ń jókòó sí, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́. Èmi náà á wà nítòsí, màá ní ẹ̀wà ni mò ń ṣà.

"Imú mi ò tóbi tó yìí," ni ìyá mi wí.

"Ohun tí mo rí ni mo yà, Ìyá."

"Lọ fọ ojú rẹ."

Tàófíìkì ń fi bébà kan sílẹ̀, ó ń mú òmíràn. Kò parí ọ̀kankan. Ó sọ fún ìyá mi pé láyé àtijọ́, àwọn ará ìlú Mónẹ́ bú u àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọn kì í parí iṣẹ́, pé ọ̀dà lásán ni wọ́n ń dà sílẹ̀.

"Tèmi náà, má parí ẹ," ni ìyá mi wí. "Àwọn Faransé yìí, ṣé wọ́n ya ìyá wọn?"

"Àwọn mìíràn yà á."

"Ìyá náà wá kú?"

Tàófíìkì gbé ṣọ́ọ̀kì kúrò lórí bébà. "Gbogbo ìyá ló ń kú, Ìyá."

Mo rò pé ó ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Wò ó, o ṣeun. Sàlímọ́nù ń bẹ̀rù ikú mi tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wo ojú mi mọ́. Bó bá ń kí mi, ilẹ̀ ló ń wò."

Sátidé kan, Bùrọ̀dá kò pẹ́ l'Ékòó. A kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwọ̀n wà léjìká rẹ̀. Tàófíìkì dọ̀bálẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bùrọ̀dá kò bú u. Ó rìn lọ síbi tí bébà wà, ó mú un. Ìyá mi ni, ó fẹ̀yìn ti ògiri, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lápá kan gèlè rẹ̀. Ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Egungun ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí ẹyin ojú yẹ kó wà ṣófo.

"Ẹyin ojú dà?" ni Bùrọ̀dá béèrè.

"Wọ́n wà lórí mi," ni ìyá mi wí. "Mo ṣì ń lò wọ́n."

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi yí padà, ó wo ìyá wa. Ó wò ó dáadáa. Ó wo bébà, ó tún wò ó. Àwọ̀n náà yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ti rù báyìí, Ìyá?"

"Ó ti pẹ́."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò rí i kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí. Ọkọ̀ ojú omi kan kọjá lórí ọ̀sà.

"Bí èmi tí mo dúró ní ipò bàbá ò bá fà á lé ọkọ lọ́wọ́, kò sí yìgì," ni ó wí nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ohùn náà ti rẹlẹ̀.

"Mo mọ̀," ni ìyá mi wí. "Bi obìnrin náà. Ọmọge ni ìdákẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ pé ó gbà. Ẹni tó ti lọ́kọ rí gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀sìn wa ló wí bẹ́ẹ̀."

Bùrọ̀dá kọjú sí mi. "Rọ̀kí. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ahọ́n mi wúwo. Láti kékeré, bó bá ti bi mí ní nǹkan, màá wo ojú rẹ̀ kí n lè mọ èsì tó ń fẹ́. Mo wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Mo rí èsì tó ń fẹ́. Bí mo bá dákẹ́, á ní mo ti kọ̀ ọ́, a ó sì máa gbé ayé wa lọ.

"Mo fẹ́ ẹ."

"N kò gbọ́."

"Mo fẹ́ ẹ, Bùrọ̀dá."

Bùrọ̀dá kò wo Tàófíìkì bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. "Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá lẹ́yìn Iléyá. Kí wọ́n má gbé ohunkóhun tí wọ́n fi aṣọ wé dání."

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé."

"Dìde. Ṣọ́ọ̀kì ti kún àyà rẹ." Ó tún kọjú sí mi. Kò bínú mọ́, ó kàn ń wá òye ni. "Kí lo rí lára rẹ̀, Rọ̀kí? Kí lọkùnrin yìí ṣe fún ọ tí o fi lè la ẹnu sí mi?"

Ìyá mi na ọrùn kó lè gbọ́. Tàófíìkì náà gbé orí sókè. Mo mọ̀ ọ́n: àwòrán omi tó yí dojú kọ ògiri. Ó wà lórí ahọ́n mi.

"Mo ti sọ èyí tí ẹ̀sìn béèrè," ni mo wí. "Ẹ dákun, ẹ má bi mí mọ́. N kò ní sọ ìyókù."